Iná Tí Kì Í Kùn: Bí A Ṣe Ń Yan Fúlòrẹ́sẹ́ǹtì fún Ilé Iṣẹ́ Ọwọ́

Ìró “ùùn” tí iná fúlòrẹ́sẹ́ǹtì máa ń mú jáde kì í ti inú ọ̀pá funfun tó ń tànmọ́lẹ̀ wá. Inú ṣóòkù ló ti ń wá, ìyẹn àpótí irin kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pá náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ iná tí kì í pariwo fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, ṣóòkù ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó kan ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná. Wọ́n á béèrè ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin, wọ́n á ní kí wọ́n tàn án fún àwọn wò, bí ó bá sì ti tàn, wọ́n á sanwó. Ohun tí yóò máa kùn sí wọn létí fún ọdún gbọọrọ kò sí lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá àwọn àdúgbò tuntun tí òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ti gbilẹ̀. Ní Bódìjà, àwọn onípákó àti káfíńtà ń la igi, wọ́n ń fá a. Ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì àti àwọn tó ń di ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ bí eṣú. Ní Dùgbẹ̀, níbi tí Ilé Kòkó alájà 26 ti dúró láti ọdún 1965, àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń jókòó sínú ìsọ̀ tóóró tí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ń fún ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ní Ring Road àti Challenge, àwọn mẹkáníìkì, àwọn rìwáyà àti àwọn tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ léètì ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irinṣẹ́ ni iná jẹ́ fún gbogbo wọn, ó sì yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ yàn án.

Ohun tó wà nínú ọ̀pá

Gíláàsì gígùn tí wọ́n dí lórí àti nídìí ni ọ̀pá fúlòrẹ́sẹ́ǹtì. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n wá fi gáàsì ágọ́ọ̀nù díẹ̀ àti mẹ́kúrì bíńtín rọ́pò rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iná bá gba inú gáàsì yìí kọjá láti orí kan sí èkejì, mẹ́kúrì tó ti di oru á tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kò lè rí. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi pa inú gíláàsì náà ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ àìrí yìí di èyí tí ojú ń rí. Peter Cooper Hewitt, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe fìtílà tó ń lo oru mẹ́kúrì jáde ní 1901. Edmund Germer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí èyí tó ní ìyẹ̀fun nínú ní 1926, ilé iṣẹ́ General Electric sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pá fúlòrẹ́sẹ́ǹtì fún gbogbo ayé ní 1938.

Gáàsì inú ọ̀pá ní ìwà kan tó léwu. Bí iná bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣe ni ọ̀nà á túbọ̀ máa là fún un, iná náà á sì máa pọ̀ sí i. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, kò ní pẹ́ rárá tí ọ̀pá náà á fi jó. Ṣóòkù ni ìjánu tó ń mú un dúró. Nínú férémù ti àtijọ́, ìyẹn ilé pánù tí wọ́n kó ọ̀pá àti ṣóòkù sí, sítátà tún wà, ìyẹn ike róbótó kékeré tí wọ́n ń yí wọ ẹ̀gbẹ́ férémù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́kọ́ mú kí wáyà orí méjèèjì gbóná. Bí wọ́n bá ti gbóná, á já, ṣóòkù á ta iná ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pá á sì tàn. Ìdí nìyí tí irú iná bẹ́ẹ̀ fi máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí ìkùn ti ń wá

Ṣóòkù onírin ló pẹ́ jù lọ́jà. Wáyà bàbà ni wọ́n ká yí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn. Iná tó ń wá láti ọ̀dọ̀ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún Ìbàdàn tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ring Road, ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, agbára òòfà inú irin náà á ga lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí iná ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó ń bọ̀. Bí agbára òòfà bá ga, gígùn irin á yí padà díẹ̀, bíńtín tí ojú kò lè rí. Bí agbára náà bá rọlẹ̀, irin á padà sí bó ṣe wà. Ìgbà 100 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbọ̀nrìrì yìí sì ni etí ń gbọ́ bí ìkùn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60, ìgbà 120 ni tiwọn.

Kò sí ṣóòkù onírin tí kì í gbọ̀n rárá. Ohun tó mú kí ọ̀kan dákẹ́ kí èkejì sì máa kùn ni bí wọ́n ṣe ṣe é àti bí wọ́n ṣe so ó mọ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi fáníìṣì tàbí gọ́ọ̀mù líle dí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ náà, kí wọ́n lè dì mọ́ra gbagidi. Èyí tí wọ́n kánjú ṣe kì í ní i tó, àwọn irin rẹ̀ á sì máa lu ara wọn. Ooru ni ọ̀tá kejì. Ṣóòkù tó ti ń gbóná jù fún ọdún púpọ̀, fáníìṣì inú rẹ̀ á gbẹ, á sì fọ́, ìkùn rẹ̀ á wá máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìkẹta ni iná tó ga ju bó ṣe yẹ lọ: bí fóòtì bá ti kọjá ohun tí wọ́n kọ sára ṣóòkù, irin inú rẹ̀ kò ní lè gba agbára òòfà náà mọ́ra, ariwo rẹ̀ á sì le. Ìkẹrin ni férémù. Pánù fẹ́lẹ́ tí ìdè rẹ̀ ti tú máa ń gba ìgbọ̀nrìrì kékeré mọ́ra, á sì sọ ọ́ di ńlá.

Ìkùn àti ìṣẹ́jú, ọmọ ìyá ni wọ́n

Ohun tó ń fa ìkùn náà ló ń fa ìṣẹ́jú. Lábẹ́ ṣóòkù onírin, ìmọ́lẹ̀ ọ̀pá máa ń rọlẹ̀ á sì tún gbéra ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n ara ń mọ̀ ọ́n. Ní 1989, Arnold Wilkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Bírítéènì gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n pààrọ̀ ṣóòkù wọn sí irú èyí tí kì í jẹ́ kí iná ṣẹ́jú. Ẹ̀fọ́rí àti ojú ríro tó ń ṣe wọ́n dín kù ju ìdajì lọ. Kí télọ̀ tó ń fi ojú wá ihò abẹ́rẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí ẹni tó ń jó ẹsẹ̀ wáyà bíńtín mọ́ pátákó inú fóònù, fi èyí sọ́kàn.

Fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń yí, ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀fọ́rí lọ. Mọ́tò ayùn róbótó tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ń yí ní nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100, irú ayùn bẹ́ẹ̀ tàbí orí ẹ̀rọ léètì lè dà bí ohun tó dúró sójú kan, tàbí bí ohun tó rọra ń yí sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ ẹ̀rọ dáadáa lè na ọwọ́ sí i. Ariwo ọjà pákó Bódìjà lè bo ìkùn ṣóòkù mọ́lẹ̀, kò lè bo ewu yìí. Níbi tí iná mẹ́ta-fésì bá wà, oníṣẹ́ iná lè pín àwọn férémù sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má baà ṣẹ́jú pa pọ̀. Èyí a máa dín ewu náà kù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un kúrò pátápátá ni ṣóòkù irú kejì.

Ṣóòkù ẹlẹ́kítírọ́níìkì

Ṣóòkù yìí kò ní irin ńlá nínú. Ó máa ń gba iná 50 Hz (ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) láti ara ògiri, á sì sọ ọ́ di iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 20,000 sí 60,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí èèyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 lọ, nítorí náà ìró rẹ̀ ti kọjá ibi tí etí lè dé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ tó ń yí, kò nílò sítátà, ó sì máa ń tàn láìlọ́ra. Ọ̀pá tí iná ń gbà kọjá ní ìgbà púpọ̀ báyìí tún máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ kún ohun tí iye iná kan náà ń fún ni lábẹ́ ṣóòkù onírin.

Owó tó ń pa mọ́ pẹ̀lú kò kéré. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin tí wọ́n kọ wáàtì 36 sí lára máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 46 lápapọ̀ lábẹ́ ṣóòkù onírin, nítorí ooru inú ṣóòkù náà ń jẹ tirẹ̀. Lábẹ́ èyí tó jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 36 lọ. Ilé iṣẹ́ tó ní ọ̀pá mẹ́wàá tó ń tàn fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ á pa yúníìtì iná kan mọ́ lójoojúmọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn, sókè kọjá 200 náírà fún yúníìtì kan. Nínú oṣù tó ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, yúníìtì kan lójúmọ́ ti lé ní 5,200 náírà.

Àléébù rẹ̀ náà wà. Kápásítọ̀ àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ kì í fẹ́ràn iná tó dé lójijì pẹ̀lú agbára, bí iná ìjọba ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn tí wọ́n bá mú un padà. Èyí tó pọ́ọ́kú jù kì í ní ààbò kankan nínú, á sì jó kí ọdún tó yí po. Ó tún lè máa dí rédíò AM lọ́wọ́ bí wọ́n bá gbé rédíò sítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá èyí tó ní ààbò lòdì sí iná tó ga lójijì, tí wọ́n sì kọ fóòtì tó lè gbà sí lára ní kedere.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará Ìbàdàn gbọ́dọ̀ béèrè. Irú kan nínú ṣóòkù ẹlẹ́kítírọ́níìkì máa ń fi agbára ta ọ̀pá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; irú kejì máa ń kọ́kọ́ mú wáyà orí ọ̀pá gbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú èkíní ń jẹ orí ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án. Níbi tí iná ti ń lọ tó sì ń dé lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, irú kejì ló dára jù, àní bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ fi díẹ̀ ga sí i. Lára páálí rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ programmed start tàbí warm start sí i.

Iná tó ń wọlé

Ṣóòkù tó dákẹ́ lábẹ́ iná ìjọba lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ iná mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í di 50 Hz mú gírígírí. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á falẹ̀, bí ẹrù bá kúrò, á sáré, ohùn ìkùn á sì máa bá a lọ sókè sódò. Ínfátà tó pọ́ọ́kú ló burú jù. Irú èyí kì í fúnni ní iná tó ń lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ìgbì onígun ni ó ń rán jáde. Irin ṣóòkù kì í fara da irú ìgbì bẹ́ẹ̀: á pariwo, á gbóná, kápásítọ̀ inú férémù á sì tètè bàjẹ́. Ẹni tó bá ń lo sólà tàbí bátìrì, kó ra ínfátà tí wọ́n kọ pure sine wave sí, tàbí kó má fi ṣóòkù onírin sórí rẹ̀ rárá.

Bí iná bá sì rọlẹ̀ jù, tí kò gbé nǹkan, sítátà á máa ta, ọ̀pá á máa ṣẹ́jú láìtàn, orí ọ̀pá méjèèjì á sì dúdú kíákíá. Ọ̀pọ̀ ṣóòkù ẹlẹ́kítírọ́níìkì tó dára máa ń ṣiṣẹ́ lọ láìṣẹ́jú nígbà tí fóòtì bá fi díẹ̀ rọlẹ̀.

Ọjà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà nílò ìkìlọ̀. Lára ṣóòkù wọn, wọ́n máa ń fi lẹ́tà A dé F sọ bí ariwo rẹ̀ ṣe tó. A ló dákẹ́ jù, kò ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 20 sí 24 lọ. F ló pariwo jù. Lẹ́tà yìí wúlò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú férémù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti iná fóòtì 120, iná Nàìjíríà á sì jó o lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọjà Yúróòpù náà máa ń ní lẹ́tà, bíi A2, B1 tàbí B2. Iye iná tí ṣóòkù ń jẹ ni wọ́n ń fi èyí sọ, kì í ṣe ariwo. A2 jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì, B1 àti B2 sì jẹ́ onírin.

Ọ̀pá wo ló yẹ?

Lẹ́yìn ṣóòkù ni ọ̀pá kàn. Sísanra rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní T12, T8 tàbí T5, nọ́ńbà náà sì ń sọ iye ìdá mẹ́jọ ínǹṣì tó wà nínú ìbú rẹ̀. T12, tó nípọn tó mìlímítà 38 tó sì ń jẹ wáàtì 40, ni ti àtijọ́. T8, tó jẹ́ mìlímítà 26 pẹ̀lú wáàtì 36, gba àyè rẹ̀ nínú férémù kan náà, ó sì ń tàn jù ú lọ. T5 tín-ín-rín ju méjèèjì lọ, mìlímítà 16 péré, ṣóòkù ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni wọ́n sì ṣe é fún. Fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, T8 tàbí T5 pẹ̀lú ṣóòkù ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni kó yàn.

Nọ́ńbà mẹ́ta kan tún wà lára ọ̀pá, bíi 765, 840 tàbí 865. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn tó: 7 kò tó nǹkan, 8 dára, 9 ló dára jù. Méjì tó kù ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀: 27 jẹ́ ìmọ́lẹ̀ pípọ́n, 40 jẹ́ funfun tó tu ojú lára, 65 jẹ́ funfun tó fẹ́ jọ ọ̀run ọ̀sán. Káfíńtà lè fi 840 ṣiṣẹ́ láìsí ìṣòro. Télọ̀ tó ń to àǹkárá pọ̀, ẹni tó ń yan òwú aṣọ òkè, tàbí atẹ̀wé tó ń wo bóyá àwọ̀ pupa jáde bó ṣe yẹ, kó sá fún 765, nítorí ó ń pa àwọ̀ pupa kú. 865 tàbí 965 ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iye ọ̀pá tó yẹ ṣeé ṣírò. Lọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ní kí tábìlì káfíńtà ní 300, ìdí ẹ̀rọ ìfági àti ayùn 500, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ 750, ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ wò 1,500. Ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 tó sì fẹ̀ ní 12. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 22 níbùú lóòró. Bí a bá fẹ́ 500 lọ́ọ̀sì, ìmọ́lẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì jẹ́ nǹkan bíi lúmẹ̀nì 11,000. Ògiri, àjà àti eruku máa ń gbé nǹkan bí ìdajì mì, nítorí náà nǹkan bí 22,000 ni kí ọ̀pá mú jáde. Ọ̀pá T8 tó dára ń mú nǹkan bí 3,350 jáde. Méje á tó. Mẹ́jọ nínú férémù oníbejì mẹ́rin ló pé. Ògiri tí wọ́n kùn ní funfun á dín iye yìí kù, ògiri tó dúdú á fi kún un.

Síso ó mọ́ àjà

Ọ̀nà tí wọ́n gbà so férémù lè ba ṣóòkù rere jẹ́. Kí wọ́n de ṣóòkù mọ́ férémù pẹ̀lú gbogbo ìdè rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́lẹ̀ láàárín ṣóòkù onírin àti pánù férémù, ṣùgbọ́n kí wọ́n rí i dájú pé wáyà ilẹ̀ ṣì kan irin férémù náà. Pátákó fẹ́lẹ́ tàbí síìlì ike tó ń mì kò yẹ láti so férémù mọ́. Ara igi àjà tàbí kọnkéré ló yẹ, tàbí kí wọ́n fi ṣéènì gbé e kọ́. Ìderí ike tó bá ń mì lójú férémù, kí wọ́n fún un mọ́lẹ̀. Sítátà tó ń ta tín-tín, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kó tó ba ọ̀pá jẹ́.

Fún ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, irú yàrá tí ilé iṣẹ́ rédíò àti sítúdíò àwọn olórin máa ń ní, ọgbọ́n àtijọ́ kan ṣì wúlò: kí wọ́n kó gbogbo ṣóòkù onírin jáde kúrò nínú yàrá, kí wọ́n tò wọ́n sínú àpótí irin tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ níta, kí wáyà nìkan sì wọlé tọ ọ̀pá lọ. Ṣóòkù onírin gba irú ètò yìí. Ti ẹlẹ́kítírọ́níìkì kò gbà á, nítorí wáyà láàárín òun àti ọ̀pá gbọ́dọ̀ kúrú.

Àyẹ̀wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ariwo ọjà kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ìkùn ní ìsọ̀, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta wà tí kò béèrè etí. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Kí oníbàárà gbé ṣóòkù lé ọwọ́: èyí tó wúwo bí ó ti kéré tó, onírin ni, èyí tó fúyẹ́, ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni. Èkejì ni fóònù. Kí ó ya fídíò ìmọ́lẹ̀ náà lórí ògiri, pàápàá pẹ̀lú irú èyí tó ń fa fídíò falẹ̀. Bí ìlà dúdú bá ń rìn kọjá tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, iná náà ń ṣẹ́jú.

Ẹ̀kẹta ni òkòtó. Àwọn tó ń pààrọ̀ iná ní ilé ńláńlá Amẹ́ríkà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ohun kékeré kan tó ń pòòyì, tí wọ́n kùn ní ìlà dúdú àti funfun, dá irú ṣóòkù tó wà lókè mọ̀ láìgun àkàbà. Òkòtó tí ọmọdé ń ta lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí wọ́n kùn ún ní ìlà dúdú àti funfun yípo, kí wọ́n ta á sábẹ́ iná náà nìkan, láìsí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí àwọn ìlà náà bá dúró sójú kan tàbí tí wọ́n ń yí sẹ́yìn bí ó ṣe ń falẹ̀, ṣóòkù onírin ló wà lókè. Bí gbogbo rẹ̀ bá pò mọ́ra di eérú, ṣóòkù ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni.

Ọ̀pá LED

Ọ̀pá LED ti ń gba ọjà lọ́wọ́ fúlòrẹ́sẹ́ǹtì. Èyí tó jẹ́ wáàtì 18 máa ń fúnni ní nǹkan bíi lúmẹ̀nì 1,800 sí 2,100, ojú kan sì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kọ sí, kì í dà nù sórí àjà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dákẹ́. Irú kan wà tí wọ́n ń kì bọ férémù àtijọ́, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ sítátà rẹ̀. Ṣóòkù onírin ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, iná ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì lè máa kùn lọ. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí oníṣẹ́ iná yọ ṣóòkù náà kúrò, kí ó sì so wáyà tààrà gẹ́gẹ́ bí àwòrán ara páálí ọ̀pá ṣe fi hàn, nítorí àwọn kan ń gba iná lórí kan, àwọn mìíràn lórí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ férémù pé fúlòrẹ́sẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. LED tó pọ́ọ́kú jù náà máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láìkùn rárá, nítorí náà àyẹ̀wò fóònù àti òkòtó ṣì kàn án.

Òfin àgbáyé pẹ̀lú ń tì í síwájú. Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti fòpin sí gbígbé ọ̀pá T8 àti T5 tuntun wọ ọjà rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Lábẹ́ Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva lọ́dún kan náà pé kí ṣíṣe ọ̀pá fúlòrẹ́sẹ́ǹtì, kíkó o wọlé àti kíkó o jáde dópin kí ọdún 2027 tó parí. Ọ̀pá tó wà lókè lónìí ṣì lè tàn títí yóò fi kú, ṣùgbọ́n rírí èyí tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ á máa ṣòro sí i.

Mẹ́kúrì tó wà nínú rẹ̀

Ọ̀pá ìgbàlódé kan ní nǹkan bíi míligíráàmù 3 sí 5 mẹ́kúrì nínú, èyí tó pẹ́ sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Kí wọ́n fi páálí líle kó àfọ́kù, kí wọ́n fi séléòtéépù gbá èyí tó kù, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tàbí ìgò tó ní ìdérí. Ìgbálẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ń fọ́n mẹ́kúrì ká ni. Ọ̀pá tó ti kú kò yẹ kí ọmọ iṣẹ́ fọ́ sẹ́yìn ilé tàbí kí wọ́n dáná sun ún pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Ìmọ̀ràn fún oníṣẹ́ ọwọ́

Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun lónìí, LED tó yege nínú àyẹ̀wò ìṣẹ́jú ni kó rà. Ẹni tó ti ní férémù T8 tó ṣì le koko, kó yọ ṣóòkù onírin rẹ̀, kó fi ẹlẹ́kítírọ́níìkì tó ń kọ́kọ́ mú ọ̀pá gbóná sí i, pẹ̀lú ọ̀pá 840 tàbí 865. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì ká a, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tó ń yí àti tábìlì tí ojú ti ń ṣiṣẹ́ jù, kó fún gbogbo ìdè férémù yòókù mọ́lẹ̀, kó sì pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ń bàjẹ́. Kí gbogbo wọn pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kí wọ́n sì pa súwíìsì ńlá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Etí, ojú àti ọwọ́ oníṣẹ́ ni ó fi ń jẹun. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín ṣóòkù tó ń kùn àti èyí tó dákẹ́ kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi wé wọn.